Oṣù Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú UPS Tòkunbọ̀ Lábẹ́ Kọ̀ǹpútà Alágbára ní Àkúrẹ́

Iná lọ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà mi ń parí àwòrán ilé alájà mẹ́ta kan tí oníbàárà ń dúró dè. Kí iná lọ kì í ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé UPS tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ̀rọ tó yẹ kó fi bátìrì inú rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ, tí wọ́n kọ 1200VA gàdàgbà sára páálí rẹ̀, wà lábẹ́ tábìlì, ó ń ké, iná iwájú rẹ̀ ń tàn, mọ́nítọ̀ tí mo so mọ́ ọn kò kú, àmọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti kú pátápátá. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta àbọ̀ bá a lọ. Mo gbé UPS náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Ó so gílóòbù kan mọ́ ọn, ó yọ ọ́ lójú iná, gílóòbù ṣì ń tàn, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò sí nǹkan tó ṣe é.” Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ra ohun tí kò bá kọ̀ǹpútà mi mu. Èyí tí mo wá rà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ti lò fún oṣù mẹ́sàn-án báyìí, ni mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i, àti ọ̀nà tí mo gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe irú èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà. Ryzen 9 5950X ni ọpọlọ rẹ̀, RTX 3080 ni káàdì àwòrán inú rẹ̀, páwà sọpúláì 850W ló sì ń fún gbogbo wọn ní iná. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó rí 850 lára páwà sọpúláì, a ó sì gbà pé 850 ni kọ̀ǹpútà ń jẹ. Iye tó lè gbé nìyẹn, kì í ṣe iye tó ń gbé. NVIDIA kọ 320W fún RTX 3080. Ọpọlọ 5950X, bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ètò rẹ̀, kì í fà ju nǹkan bí 142W lọ. Bọ́ọ̀dù, fáànù àti dísíìkì á jẹ díẹ̀, páwà sọpúláì á sì sọ díẹ̀ nù di ooru. Dípò kí n máa ṣírò lórí ìwé, mo yá mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) kan tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ iná, mo sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kọ̀ǹpútà bá kàn tàn lásán, 95W. Bí mo bá ń ya àwòrán, 180W sí 260W. Bí káàdì àwòrán bá ń ṣe àṣekágbá rẹ̀, 470W. Bí mo bá kó ọpọlọ àti káàdì sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀, 560W. Mọ́nítọ̀ méjèèjì gba 70W lé e. Ẹni tó bá fẹ́ ra UPS, tí kò tíì mọ iye tirẹ̀ báyìí, ojú dídì ló fi ń nájà.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ UPS àkọ́kọ́. VA tí wọ́n kọ gàdàgbà (fóltì tí a fi ááńpù sọ di púpọ̀) kọ́ ni wáàtì, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ gan-an. Lára ọ̀pọ̀ UPS olówó pọ́ọ́kú, wáàtì kì í ju ìdajì VA tàbí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, wínníwínní ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn tàbí sí abẹ́. Mo dorí temi kodò, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo sì rí i: 600W. Lọ́jọ́ tí iná lọ yẹn, 470W ti kọ̀ǹpútà àti 70W ti mọ́nítọ̀ jẹ́ 540W. Kò tíì ju 600 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “Ṣáà ra èyí tí wáàtì rẹ̀ tó” kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bí iná tó ń ti inú UPS jáde ṣe rí. Iná tó ń wọlé láti orí òpó kì í lọ ní gbọọrọ bí omi inú páìpù. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbì, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì náà sì ń yí geere láìní kókó. Ọ̀pọ̀ UPS olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe irú ìgbì bẹ́ẹ̀ jáde láti inú bátìrì. Tiwọn dà bí àtẹ̀gùn ilé: ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró, ó já wálẹ̀ sí òdo, ó sinmi díẹ̀, ó tún já sí ìsàlẹ̀. Simulated sine wave tàbí stepped approximation ni ẹ ó rí lára páálí wọn, bí wọ́n bá kọ ọ́ rárá. Gílóòbù kò bìkítà. Fáànù á kùn díẹ̀, á sì máa yí lọ. Àmọ́ páwà sọpúláì àwọn kọ̀ǹpútà alágbára òde òní ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní active PFC, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa fa iná ní ìbámu pẹ̀lú bí ìgbì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Bí ìgbì bá di àtẹ̀gùn, kò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé mọ́; ó lè fa iná púpọ̀ lójijì, kí UPS rò pé ẹrù ti pọ̀ jù, tàbí kí páwà sọpúláì fúnra rẹ̀ pa iná kí nǹkan má baà jó. Káàdì àwòrán tún ní ìwà tirẹ̀: kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó lè ta kọjá iye tí mítà ń fi hàn, kó sì padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lásán, ohun tó ń fà kéré, ó sì lè fara da gbogbo èyí. Ìdí nìyẹn tí UPS àkọ́kọ́ fi ń gbé e ní gbogbo ìgbà tí mo bá dán an wò, tó sì ń jù ú sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná.

Àwọn kan á sọ pé àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí UPS gbà á ló ń pa kọ̀ǹpútà. Àlàfo yẹn wà lóòótọ́, nǹkan bí ìdá 4 sí 10 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ páwà sọpúláì tó dára lè fi iná tó ti pamọ́ sínú ara rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí ìdá 16, kódà bí ẹrù bá kún. UPS irú èyí tí wọ́n ń pè ní online kò ní àlàfo kankan, torí pé inú rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá nígbà gbogbo. Mo wo ọ̀kan, mo gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń hó láìdákẹ́, mo gbọ́ iye rẹ̀, mo sì jáde. Fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá tí èèyàn ń jókòó sí, mo rò pé ó ti kọjá ohun tí a nílò. Ohun tí mo wá kiri ni line-interactive (irú èyí tí iná òpó ń gbà kọjá, tó ń yí sí bátìrì nígbà tí iná bá lọ) tó ń ṣe pure sine wave, ìgbì tó ń yí geere bíi ti orí òpó, tí wáàtì rẹ̀ kò ní dín sí 900, kí ó lè gbé 630W mi kí àyè sì tún ṣẹ́kù fún ìfòsókè káàdì àwòrán.

Tuntun irú rẹ̀ wọ́n. Ní àdúgbò Arákalẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti ohun èlò rẹ̀ pọ̀ sí, ẹnì kan mú mi lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi òkìtì UPS tòkunbọ̀ hàn mí, APC Smart-UPS ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1981 ni wọ́n dá APC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọdún kan náà tí wọ́n dá FUTA tiwa sílẹ̀, Schneider Electric ti ilẹ̀ Faransé sì rà á ní 2007. Irú àwọn UPS wọ̀nyí, ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa ń lò ó lókè òkun. Nígbà tí bátìrì bá kú, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ jù síta, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ lè má tíì gbó.

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín. Méjì nínú àwọn tó wà níbẹ̀ jọra bí ìbejì: àwọ̀ dúdú kan náà, ojú gíláàsì kékeré kan náà níwájú, ìwọ̀n kan náà. Mo yí wọn padà. SMT1500 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀kan, 120V. Ihò pẹlẹbẹ méjì-méjì bíi ti Amẹ́ríkà ló wà lára rẹ̀. SMT1500I ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìkejì, 230V, ihò mẹ́jọ tó dà bí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sì ni tirẹ̀. Lẹ́tà I kan ṣoṣo yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín èyí tó bá iná Nàìjíríà mu àti èyí tó máa jó lọ́jọ́ tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iye kan náà ni ọmọkùnrin tó ń tajà pe àwọn méjèèjì, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí mo fi béèrè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá lo step-down, ó máa ṣiṣẹ́.” Ẹ̀rọ tó ń sọ 230V kalẹ̀ sí 120V ló ń sọ. Bóyá. Èmi mú èyí tó ní I.

SMT1500I jẹ́ 1500VA, 1000W, pure sine wave. Mo ní kí ó yá mi ní bátìrì tó wà nínú èyí tó ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo lọ gbé kọ̀ǹpútà mi nínú takisí, mo tàn án síbẹ̀, mo fi iṣẹ́ tó wúwo sí i, mo sì fa wáyà UPS yọ lójú iná. Kọ̀ǹpútà kò mira. Mo tún un ṣe nígbà márùn-ún. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì jáde wá wòran, ọ̀kan sì ń rẹ́rìn-ín pé àwa oníkọ̀ǹpútà, wàhálà wa pọ̀ ju ti ìyàwó ọ̀sìngín lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Gílóòbù kò lè jẹ́rìí fún kọ̀ǹpútà mi mọ́. ₦190,000 ni mo san, láìsí bátìrì.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé UPS tòkunbọ̀ láìní bátìrì tó dára, àpótí irin ni. Méjì ló ń lò, 12V ọ̀kọ̀ọ̀kan, 17Ah (ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú), tí wọ́n so tẹ̀léra di 24V. 18Ah tó wà lọ́jà níbí bá àyè rẹ̀ mu. Lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ìyá kan tó ń ta bátìrì sólà gbé méjì síwájú mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fa mítà yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó fi orí pupa kan orí pupa, ó fi dúdú kan dúdú, ó yí ojú mítà sí mi: 12.9. Ó fi kan ìkejì: 12.3. Ó gbé ìkejì padà sẹ́yìn láìsọ nǹkan kan, ó mú òmíràn wá tí òun náà jẹ́ 12.9. Bátìrì olójé tó bá ti pẹ́ lórí pẹpẹ láìgba iná máa ń bàjẹ́ níbi tó jókòó sí, bátìrì méjì tí a bá sì so tẹ̀léra, èyí tó rẹ̀ jù ni yóò pinnu bí èkejì yóò ṣe ṣiṣẹ́. ₦52,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó ní orí akọ àti abo tó bá ihò ẹ̀yìn UPS mu, ₦7,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦301,500. Ẹ má gbàgbé wáyà yẹn o. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ ihò wọ̀nyẹn, mo sì rí ẹni tó gé orí wáyà tó fi téèpù dì í, ohun tí n kò lè gbà fún ọ̀tá mi.

Ní ti iye ìṣẹ́jú: nígbà tí bátìrì jẹ́ tuntun, 540W gba ìṣẹ́jú 20, tí mo bá ń ya àwòrán lásán, ó lé ní ìṣẹ́jú 35, tí n kò bá ṣe nǹkan kan, ó ju wákàtí kan lọ dáadáa. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, iye ìṣẹ́jú máa ń wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Bátìrì olójé kò fẹ́ ìkánjú. Bí a bá ṣe ń yára fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó máa fún wa ń dín kù tó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, 20 yẹn ti di 17. Ooru ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bátìrì máa ń fi 25°C ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì gbà pé bí ooru bá fi nǹkan bí 10°C ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ ayé bátìrì á di ìdajì. Yàrá mi ní oṣù kejì àti oṣù kẹta kò sún mọ́ 25°C rárá. Mo ti gbé UPS náà kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń fẹ́ lù ú, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé e kúrò nílẹ̀.

Ohun tí n kò retí ni ti iná alẹ́. 230V ni iná wa yẹ kó jẹ́. Lágbègbè mi, láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, mítà ara UPS náà máa ń fi 165 hàn mí, 155, nígbà mìíràn 148. UPS irú èyí lè gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kan bátìrì, àmọ́ bó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́, 160V ni ó ti máa sọ pé ó tó. Bí ẹ bá wọ inú ètò rẹ̀, ẹ lè sún un dé 151V, kò sì kọjá ibẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ní alẹ́, iná wà, gílóòbù ń tàn rẹ́súrẹ́sú, UPS sì ń jẹ bátìrì lọ bí ẹni pé kò sí iná. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bátìrì mi gbẹ nígbà mẹ́rin báyìí kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo gbé sítébíláísà tó wà lára fìríìjì síwájú rẹ̀, ó sì dára díẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti ró kọ́ láti yí ipò padà ni UPS ń kígbe. Irú èyí tó ní mọ́tò nínú, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láìfò, ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ báyìí, kó yáa ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ti UPS láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, UPS náà kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sì tọ̀nà, nítorí ìgbì tó ń ti ibẹ̀ wá kò dúró sójú kan. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tí aládùúgbò mi ní, ó gbà á lẹ́yìn tí mo yí sensitivity (bí ó ṣe ń tètè kọ iná tí kò dára tó) sí Low nínú ètò rẹ̀. Ìnfátà sì ńkọ́? Bí ẹ bá ti ní ìnfátà pure sine wave nílé, tí agbára rẹ̀ sì tó, tí ó ní ibi tí a ti ń yí i sí UPS mode, ẹ fi kọ̀ǹpútà yín dán an wò bí mo ṣe ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó náwó sí nǹkan kan. Tí kò bá kú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ kò nílò ohun tí mo rà. Ọ̀pọ̀ ìnfátà máa ń lọ́ra láti gbà á bí wọn kò bá sí ní ipò yẹn.

UPS náà ní ihò USB. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi PowerChute, ètò kọ̀ǹpútà tí APC ṣe fún un, sórí rẹ̀, mo sì sọ fún un pé bí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kó pa kọ̀ǹpútà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń lo Linux lè fi NUT, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣe é. Láìsí èyí, bí iná bá lọ nígbà tí ẹ wà ní ọjà, ìṣẹ́jú 20 kàn sún ìjàǹbá síwájú ni.

Àléébù irú rẹ̀ kò ṣòro láti kà. Ó tó nǹkan bí 24kg, ẹ má dá a gbé. Tí ó bá wà lórí bátìrì, ó máa ń ké lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Mo pa igbe náà fún alẹ́ nítorí ọmọ tó ń sùn. Kò sì sí ẹni tí yóò fún yín ní wáráńtì lórí tòkunbọ̀ ju “ẹ gbé e padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan” lọ.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò fà ju 200W lọ, tí páwà sọpúláì rẹ̀ kò sì ní active PFC, kò ní ìdí kankan láti ná tó báyìí. UPS 650VA lásán á gbé e títí ẹni náà yóò fi pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá fi UPS yìí sílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser bọ̀ ọ́. Iná tí ohun yẹn ń fà nígbà tó bá ń gbóná lè ré kọjá ohun tó ṣẹ́kù fún kọ̀ǹpútà. Èmi fúnra mi ti fi máákà kọ ọjọ́ tí mo ra bátìrì sí ara wọn kí n tó ti ìdérí, bí ìṣẹ́jú 17 yẹn bá sì ti já sí 10, n ó padà lọ bá ìyá yẹn àti mítà rẹ̀.